Igi Tí N Kò Gbọ́dọ̀ Mọ̀

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara dà á fún mi. Orí mi kò dá ṣáṣá mọ́. Ohun tí mo ṣe lánàá lè bọ́ lọ́wọ́ mi, kí èyí tó ti pẹ́ gan-an sì wà níbẹ̀ gbọin-gbọin, kó máa wò mí. Mo lè fi ti iwájú sẹ́yìn. Ọmọ ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi kọ ọ́, èmi kò mọ ìwé. Mo ti sọ fún un pé kó kọ ọ́ bó ṣe ń jáde lẹ́nu mi, kó má tún un ṣe bí wọ́n ṣe ń kọ́ wọn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Tí ibì kan bá wà tí kò dùn létí, èmi ni, kì í ṣe òun.

N kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìyá wọn, ìyàwó mi, máa ń sọ pé tí ilé bá ń jó, èmi á kọ́kọ́ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta ná kí n tó pe èèyàn. Òótọ́ ni. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, n kò sọ ọ́ rí, kódà fún òun.

Oko wa wà lọ́nà Towé, tí èèyàn bá ti Pobè ń bọ̀. Lẹ́yìn oko àgbàdo, ilẹ̀ kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ kìkì igi tẹ́kì. Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin la gbìn ín. Ìlà-ìlà ni, ó tọ́ bí ẹni fi okùn fà á, torí okùn náà la fi fà á. Mo máa dé ibẹ̀.

Àkọ́bí mi kú. Ọkùnrin ni. Ó ti ń bá mi lọ sóko nígbà náà, ó ti lè gbé akèrègbè omi láti odò dé oko kó má dà á nù. Ibà ni. Ọjọ́ mẹ́ta. N kò ní í sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn.

Lọ́dọ̀ wa níbí, bàbá kì í rí ojú oórì ọmọ rẹ̀. Ìyá kì í rí i. Ọmọ tó bá ṣáájú òbí lọ, àwọn ẹlòmíràn ló ń gbé e jáde, wọ́n á sin ín síbi tí òbí kò mọ̀, ẹni tó sin ín kò sì ní í sọ títí ayé. Kì í ṣe ìkà. Wọ́n ní tí òbí bá mọ ibẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní í kúrò níbẹ̀ mọ́, kò ní í lè tọ́ àwọn tó kù. Àbúrò mi ló gbé tèmi, òun àti ọkùnrin kan tí òun náà ti kú tipẹ́. Wọ́n jáde láàárọ̀. Ọ̀sán ni wọ́n tó padà. Erùpẹ̀ wà ní èékánná wọn. Mo rí erùpẹ̀ náà, mo gbé ojú kúrò. Ìyá ọmọ wà nínú yàrá, wọ́n tì í mọ́bẹ̀.

N kò bi í. Òun náà kò sọ.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ọdún yẹn dé, àbúrò mi gbé ọmọ igi tẹ́kì dé, ó pọ̀ tó ẹrù kẹ̀kẹ́ méjì. Ó ń ṣe lébìrà nínú igbó tẹ́kì ìjọba nígbà náà. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká fi tẹ́kì gbin ilẹ̀ ẹ̀yìn àgbàdo yẹn.” Ilẹ̀ tó dára ni. Ilẹ̀ ẹ̀gẹ́ ni. Ó yẹ kí n bi í pé kí ló dé tí a ó fi ilẹ̀ ẹ̀gẹ́ gbin igi tí a kò lè jẹ. N kò bi í. Mo mú ọkọ́.

Ó na okùn. Ó ta kókó sí okùn náà, kókó kan sí èkejì kò jura wọn lọ. Níbi tí kókó bá bọ́ sí, ibẹ̀ la ó gbẹ́. Ó ní kí èmi bẹ̀rẹ̀ láti etí ọ̀nà, òun á bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, a ó pàdé láàárín. Mo ṣe bó ṣe wí. Òjò ń rọ̀ sí wa lára. Nígbà tí a parí, ẹni tó bá dúró níbẹ̀ kò lè sọ pé igi kan yàtọ̀ sí èkejì.

Ó tó ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún kó tó yé mi. Mo dúró láàárín wọn lọ́jọ́ kan, ewé wọn ti gbòòrò bí atẹ, mo sì rí ohun tí àbúrò mi ṣe. Ó fi ọ̀pọ̀ igi bo ẹyọ kan.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo wọn ni mo ń tọ́jú, nítorí n kò mọ èwo. Mo ń ro ìdí wọn. Mo ń pa ikán. Tí ọyẹ́ bá fẹ́ dé, mo máa ń gbá ewé kúrò yípo kí iná má bàa wọlé. Àwọn èèyàn á wá tọrọ òpó fún ilé, mo máa ń sọ pé kò tíì tó gé. Ó tó ogún ọdún, mo ṣì ń sọ pé kò tíì tó gé. Wọ́n ń pè mí ní Ahun Onítẹ́kì. Tí mo bá dé ọjà Pobè, ẹnìkan á ní, “Ahun, báwo làwọn igi?” Mo máa ń ní wọ́n wà dáadáa. Mi ò bínú. Ó sàn kí wọ́n pè mí ní ahun.

Báyìí, ọ̀rọ̀ pùrójẹ́.

Ọdún tó kọjá lọ́hùn-ún, àwọn pùrójẹ́ kan, àwọn tó ń ran àgbẹ̀ lọ́wọ́ lórí igi, wá, wọ́n ní kí ẹni tó bá ní igbó jẹ́ kí wọ́n kọ igi rẹ̀ sínú pọ́tábù, fóònù alágbèéká. Wọ́n ní tí wọ́n bá mọ iye igi àti bó ṣe rí, àwọn á wá máa tọ́ wa sọ́nà, àwọn á fún wa ní ọmọ igi mìíràn tí a ó fi kún un. Ọmọbìnrin kan ni wọ́n rán sí wa. Ará Sakété ni, ó gun alùpùpù tirẹ̀ wá, ó wọ bàtà ńlá bí ti sójà. Ó kúnlẹ̀ kí wa pẹ̀lú bàtà náà.

Ó ní, “Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin bàbá. Ẹ̀yin lẹ ni igi yìí?”

Àbúrò mi ní, “Àwa la ni igi. Ìwọ lo ni pọ́tábù. Jẹ́ ká wo èyí tó máa kọ́kọ́ rẹ̀.”

Ó rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi mọ bá a ṣe ń bá ọmọ ọlọ́mọ ṣeré. Òun ló gba gbogbo ọ̀rọ̀, èmi gba tépù.

Bó ṣe ń ṣe é nìyí. Ó máa fi ọ̀dà funfun kọ nímẹ́rò sára igi. Èmi á di etí tépù mú, òun á fi yí igi ká níbi àyà, yóò wo iye rẹ̀, yóò tẹ̀ ẹ́ sínú pọ́tábù. Yóò ya fọ́tò. Lẹ́yìn náà yóò dúró jẹ́ẹ́, yóò gbé pọ́tábù sókè. Ó ní ó ń bá nǹkan kan sọ̀rọ̀ lójú ọ̀run, nǹkan náà ló ń sọ ibi tí igi wà fún un. Abẹ́ tẹ́kì ṣókùnkùn, ewé pọ̀, nǹkan ojú ọ̀run náà kì í tètè dáhùn.

Àbúrò mi ní, “Bi mí. Mo mọ ibi tí igi wà. Èmi kò ní í pẹ́ tó báyẹn.”

Ọmọ náà ní, “Bàbá, tiyín kò ní í wọ inú rẹ̀.”

Tó bá ti rí ibi tó wà, yóò béèrè: ta ló gbìn ín, ṣé ó ṣàìsàn, ṣé nǹkan kan wà tó yẹ ká mọ̀ nípa rẹ̀. Àyè kan wà níbẹ̀ tó máa ń kọ èsì sí. Àpùlíkásíọ̀n ló ń pè é, gbogbo nǹkan yìí pátá. A ṣe é bẹ́ẹ̀ láti ìdájí. A ń lọ láti etí ọ̀nà sí ìsàlẹ̀, ìlà kan tẹ̀ lé ìlà kan.

Nígbà tó kù díẹ̀ ká dé ìsàlẹ̀, àbúrò mi dúró. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, òùngbẹ ń gbẹ mí. Ẹ bá mi bu omi wá.”

Àbúrò kì í rán ẹ̀gbọ́n níṣẹ́ omi. Láti kékeré wa, kò rán mi rí. Ojú ti ọmọbìnrin náà, ó ní, “Ẹ jẹ́ kí èmi lọ, bàbá.”

Àbúrò mi ní, “Rárá. Òun ni kó lọ.”

Mo wò ó. Òun ń wo ewé nílẹ̀. Mo gbé bídọ́ọ̀nù omi, mo lọ. Mo rọra ń lọ. Nígbà tí mo dé odò, mo bu omi, mo jókòó tì í. Mo jókòó títí ìdí mi fi tutù. Nígbà tí mo padà dé, wọ́n ti ṣe ìlà mẹ́ta láìsí mi. Ọmọbìnrin náà wá gba omi lọ́wọ́ mi. Orí orúnkún méjèèjì ló wà tó fi gbà á. Kò wo ojú mi.

Mo mọ̀. Ẹni tó bá ti gbé ayé níbí á mọ̀. Ṣùgbọ́n n kò béèrè, àbúrò mi sì mu omi rẹ̀.

Kó tó lọ lọ́jọ́ náà, ó ka nǹkan kan fún wa láti inú pọ́tábù, ó kà á lédè Faransé, ó tú u. Ó ní tí igi bá ń fún ara wọn lọ́rùn, wọ́n á yan èyí tí wọn á gé kí èyí tó kù lè sanra. Ó ní tí a bá gbà, ká tẹ àtàǹpàkò sójú dígí náà. Àbúrò mi tẹ̀ ẹ́. Ó wá wò mí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ gbọ́ ohun tó sọ?”

Mo ní mo gbọ́. N kò gbọ́. Odò ni mo ṣì wà lọ́kàn mi. Mo tẹ àtàǹpàkò mi. Kọ ìyẹn síbẹ̀ dáadáa. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́.

Nígbà ọyẹ́, àbúrò mi kú. Ó ti ń wúkọ́ láti ìgbà tí a ń kórè àgbàdo. Òun lẹ́nu kan ṣoṣo tó kù nínú ẹbí tó mọ ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń da yẹ̀pẹ̀ lé e, mo sọ lọ́kàn mi pé ó ti tán nìyẹn. Kò tán. Ó wà nínú pọ́tábù.

Ìwọ ọmọ tó ń kọ èyí, ìwọ lo mú un wá, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. Kọ ọ́ pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. Ọmọ yìí wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa. Ọmọbìnrin pùrójẹ́ ti fi àpùlíkásíọ̀n náà sínú pọ́tábù rẹ̀ kí ará ilé lè máa rí igi wọn. Ó jókòó tì mí, mo ń bó àgbàdo. Ó ní, “Bàbá, ẹ wo igi yín láti òkè.”

Mo wò ó. Àmì róbótó-róbótó ló kún ojú rẹ̀, ní ìlà-ìlà. Okùn àbúrò mi nìyẹn. Inú mi dùn láti rí i.

Ó ní tí òun bá fi ìka kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ á jáde. Faransé ni, ó ń tú u fún mi. Ó kan ọ̀kan, ó ní, “Èyí, ikán ń jẹ ẹ́ nídìí.” Mo ní mo ti pa ikán náà. Ó kan òmíràn, ó ní, “Èyí tọ́, ó dára.” Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Ó ní, “Èyí, ẹ̀ka rẹ̀ kan ti ṣẹ́.” Mo ní ìjì ni. Ẹnikẹ́ni kò ka oko mi fún mi rí. Mo ń rẹ́rìn-ín, ìyá wọn yọjú láti ibi ìdáná, ó ní, “Kí ló ń pa ẹ̀yin méjèèjì lẹ́rìn-ín?” Mo ní igi ni.

Ó wá kan ọ̀kan. Ó ní, “Wọ́n sin ọmọ kan...”

Mo fi ọwọ́ mi bo pọ́tábù náà mọ́lẹ̀. Ọwọ́ mi kún fún ìyàngbò àgbàdo.

Mo ní, “Má kà á mọ́.”

“N kò kà á tán, Bàbá.”

“Ó tó. Má fi ìka kàn án mọ́. Má fi hàn mí.”

Àgbàdo inú atẹ ti dà sílẹ̀. A ń ṣà á, òun àti èmi. Nígbà náà ni mo rántí pé àmì tó wà lójú pọ́tábù náà kì í ṣe àwọ̀ kan. Àwọ̀ ewé ni àwọn kan, pupa ni àwọn kan. Mo bi í pé kí ni pupa.

Ó ní, “Èyí tí wọn á gé ni.”

“Èyí tí o kà lẹ́ẹ̀kan yẹn ńkọ́?”

Ó ń ṣa àgbàdo.

“Mo bi ọ́.”

Ó ní, “Pupa ni, Bàbá.”

Ìyá wọn ké láti ibi ìdáná pé kí ló dé tí a dákẹ́. Mo ní kò sí nǹkan.

N kò mọ bí n ó ṣe sọ bí ó ṣe rí fún mi láti ọjọ́ náà. Oúnjẹ kò lọ. Mo máa ń rìn dé etí igi, n kì í wọlé. Ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Bí wọ́n ṣe yan igi náà, ìlà kan odidi ni wọ́n á gé, wọ́n á fi ìlà kejì sílẹ̀, wọ́n á gé ẹ̀kẹta. Tí wọ́n bá gé igi náà, ó ti ṣubú lé ọmọ mi lórí, wọ́n ti fi ẹ̀rọ wọ́ ọ kọjá lójú oórì rẹ̀. Tí mo bá sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dá a sí, yóò dá dúró láàárín ìlà tó ti di òfìfo. Òun nìkan. Ojú mi á bọ́ sí i. Ohun tí àbúrò mi fi gbogbo ayé rẹ̀ bò fún mi, èmi á fi ojú ara mi tú u síta. Ìyá rẹ̀ náà ń gba ibẹ̀ lọ ṣẹ́gi.

Mo kọ́kọ́ lọ bá àkọ́bí àbúrò mi. Òun ló jogún apá bàbá rẹ̀. Ó ń kọ́lé ní Pobè, ó ń retí igi náà fún òrùlé. Mo ní kó jẹ́ kí a dá gbogbo rẹ̀ dúró.

Ó ní, “Bàbá, ẹ ti ń sin igi yìí bí òrìṣà. Igi ni. Ẹ jẹ́ kó wúlò fún èèyàn.”

Mo ní kó dá a dúró.

Ó ní, “Nítorí kí ni?”

Mo dúró. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi. Mo wúkọ́. Mo ní kò burú, mo padà sílé. Ìwọ̀n ọ̀sẹ̀ kan ni mo pàdánù níbẹ̀, nítorí mo wúkọ́ dípò kí n sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn náà mo gun zẹ́mì, alùpùpù akérò, lọ sí Sakété láti wá ọmọbìnrin pùrójẹ́. Wọ́n ní ó ti lọ síṣẹ́ ní Takon. Mo tún gun òmíràn lọ sí Takon. Ẹ̀yìn mi ń dùn mí, onízẹ́mì ń bi mí bóyá ọmọ ni mo ń lọ kí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Abẹ́ igi akásíà ni mo ti bá a, òun àti àwọn àgbẹ̀ kan, wọ́n na tépù. Ó sáré wá.

“Bàbá. Ẹ̀yin nìkan?”

Mo ní, “Igi tiwa. Ẹ má gé e.”

“Èwo nínú rẹ̀, bàbá?”

“Gbogbo rẹ̀.”

Ó ní, “Bàbá, ẹ tẹ àtàǹpàkò. Àwọn ọ̀gá mi ti pín iṣẹ́, àwọn agégi ti gba ìwé. Gbogbo rẹ̀ ti kọjá agbára mi. Ṣùgbọ́n mo lè yọ ọ̀kan. Ẹ sáà sọ nímẹ́rò rẹ̀ fún...”

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú mi.

Ó ní, “Ta ló kà á fún yín?”

Mo ní kò ṣe nǹkan.

Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, bàbá. Bàbá tó lọ ló ní kí n kọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa gé e tí òun kò bá sí mọ́. Ó ní ìwé kò ní ẹnu, kò ní í sọ fún yín. Mo kọ ọ́ kí wọ́n lè dá a sí ni. N kò mọ̀ pé nígbà tí àpùlíkásíọ̀n bá ń yan, kì í ka ohun tí a kọ. Bí igi ṣe tóbi tó nìkan ló ń wò, àti ìlà tó wà.” Omi ti kún ojú rẹ̀. Ó ní, “N ó yọ ọ́ lónìí. Ẹ kò ní í gbọ́ nímẹ́rò rẹ̀ lẹ́nu mi.”

Mo ní, “Etí mi kò ní í gbọ́. Ojú mi á rí i.”

Ó rò ó. Ó yé e. Ọmọ tó lóye ni. Ó ní, “Ṣé ẹ kò lè má lọ síbẹ̀ mọ́?”

Mo ní ta ni yóò gbá ewé nígbà ọyẹ́.

Lórí zẹ́mì tí mo ń padà bọ̀ ni okùn àbúrò mi wá sí mi lọ́kàn. Ó fi ọ̀pọ̀ bo ẹyọ kan. Mo ní kí onízẹ́mì gbé mi lọ tààrà sí Pobè, síbi tí ọmọ àbúrò mi ti ń kọ́lé. Ó wà lórí àkàbà. Mo dúró nísàlẹ̀, n kò wúkọ́ lọ́tẹ̀ yìí.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n rẹ wà lábẹ́ igi yẹn.”

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n wo?”

“Èyí tó ṣáájú gbogbo yín.”

Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó bọ́ fìlà. Ó ní, “Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe, Bàbá?”

Mo ní kí wọ́n fi igi méje sílẹ̀ fún mi nínú àwọn ìlà tí wọn á gé. Káàkiri. Èyí tó jẹ́ tèmi á wà nínú méje náà, n kò ní í mọ̀ ọ́n. Ó ní méje pọ̀, òrùlé òun kò ní í tó. Ó wo orí ilé náà, ó ní, “Ẹ mú méje.”

Ọmọ ọmọ mi ló yan án, nítorí òun ló ti rí i. Ó pe ọmọbìnrin Sakété lórí pọ́tábù. Ìyẹn ní òun á tún un kọ, ṣùgbọ́n àwọn agégi kì í wo pọ́tábù, ọ̀dà pupa tí àwọn ọ̀gá òun ti rán èèyàn wá fi sàmì sára igi ni wọ́n ń wò, kí a so nǹkan mọ́ àwọn tí a fẹ́ kí wọ́n fò. Mo ní kí a wá àkísà.

Ìyá wọn ń gbọ́. N kò mọ ohun tó ti gbọ́. Ó ní, “Igi mélòó?” Mo ní méje. Ó wọ yàrá, ó pẹ́ níbẹ̀, ó gbé aṣọ kan jáde. Ọ̀já ni. Ọ̀já tó fi pọn àkọ́bí wa. N kò mọ̀ pé ó ṣì wà. Ó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ. Ó fi eyín gé etí rẹ̀, ó ya á sí méje, ó kà á lé ọmọ lọ́wọ́. Ó padà lọ sídìí iná.

Ọmọ lọ so ó nírọ̀lẹ́. Òun nìkan ló lọ.

Ní ọjọ́ kejì àwọn agégi dé. Ẹ̀rọ wọn ń ké láti àárọ̀, ó ń dé ilé. Tí igi bá ń ṣubú, ilẹ̀ á mì díẹ̀, omi inú igbá á mì. Ìyá wọn ń yan gàrí. Gàrí náà ti jinná, ó ṣì ń rò ó, kò dá ọwọ́ dúró títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Èmi jókòó. Nígbà tí ẹ̀rọ dákẹ́, ọmọ dé. Ó fọ ọwọ́, ó fọ ẹsẹ̀, ó pẹ́ nídìí omi. Ó ní, “Ó ti parí, Bàbá.” N kò bi í ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni mo tó lè lọ. Oòrùn ti wọ ibi tí kò dé rí. Ìlà kan wà, ìlà kan kò sí. Mo rí àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀, ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún, aṣọ wà lára wọn. Mo kà wọ́n. Mẹ́fà ni. Mo tún bẹ̀rẹ̀ láti etí ọ̀nà. Mẹ́fà.

Ọmọ àbúrò mi wá bẹ̀ mí. Ó dọ̀bálẹ̀ sórí ẹ̀rún igi. Ó ní àwọn agégi ní àwọn kò rí aṣọ lára ọ̀kan. Aṣọ ti gbó, ó já, ó ṣubú sáàárín ewé, àwọn ti gé e kí ọmọ tó sáré dé ibẹ̀. Mo gbé e dìde. Mo ní kò ṣe nǹkan. Nígbà tí mo délé, ìyá wọn ní, “Ṣé aṣọ náà tó?”

Mo ní ó tó.

Ó lè jẹ́ pé tèmi ṣì wà nínú mẹ́fà náà. Ó lè jẹ́ pé òun ni wọ́n gé. Ọmọ tó ń kọ èyí mọ̀ ọ́n. Ó jókòó níwájú mi, ó ń kọ ọ́, ó mọ̀ ọ́n. Lójoojúmọ́ ni mo ń wo ojú rẹ̀ nígbà tó bá ń gbé oúnjẹ wá, mo ń wá a níbẹ̀, mo sì ń bẹ̀rù kí n má lọ rí i. Tí ó bá rẹ́rìn-ín, mo máa ń rò pé igi náà dúró. Tí ó bá dákẹ́, mo máa ń rò pé kùkùté ló kù. Kò ní í pẹ́ padà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, n kò wá mọ ojú ẹni tí n ó máa wò.

Òjò ti ń rọ̀ báyìí. Tẹ́kì kì í kú tí wọ́n bá gé e, gbogbo kùkùté ló ti rú. Mo máa ń dé ibẹ̀ láàárọ̀, mo máa ń dúró létí ọ̀nà. Tẹ́lẹ̀, mo ń rìn láàárín wọn bí ẹni wà nílé. Nísinsìnyí n kò mọ ibi tí n ó gbé ẹsẹ̀ lé. Mo dúró níbẹ̀ lánàá títí òjò fi bá mi.

Nítorí náà ni mo ṣe ní kí a kọ ọ́. Tí mo bá kú, kí wọ́n má sin mí sínú yàrá. Mo mọ̀ pé inú yàrá la ń sin àgbà sí, ẹ jọ̀ọ́. Ẹni tó ti kú lè mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀, kò sí èèwọ̀ fún òkú. Kí ọmọ yìí mú wọn lọ síbẹ̀, kó fi ìka hàn wọ́n, ìbáà ṣe igi, ìbáà ṣe kùkùté. Kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìgbà yẹn nìkan ni kó sọ̀rọ̀. Kó tó dìgbà yẹn, kó ṣe bí àbúrò mi ti ṣe.

Ó tó. Kò sí mọ́.

Ìyá yín àgbà ti lọ sọ́jà Pobè, kò ní í pẹ́ dé. Kà á fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ kó tó wọlé. Kà á sókè, etí mi kò mú mọ́. Tí o bá ti ṣèèṣì kọ nímẹ́rò igi náà síbì kan níbẹ̀, fò ó.